Ìgò Kẹta Tí Mo Pè Lérè

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìdajì oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, òjò ti ń rọ̀ láti òru mọ́jú. Ó pè mí láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dá a lóhùn tán kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, orúnlá tí ẹ fún mi, ṣé bó ṣe máa ń rùn nìyẹn?"

"Ó ń rùn báwo?"

"Bí àkísà tí wọ́n fi nulẹ̀ tí wọn ò sá. Nǹkan funfun kan sì wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀, ó rí bí òwú."

Mo ní kó má wulẹ̀ tọ́ ọ wò, kó dé e padà, kó gbé e sọnù tìgòtìgò. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ilé ìdáná ni mo gbà lọ. Ìgò mẹ́rìnlá ni mo dì lọ́dún náà: orúnlá márùn-ún, ata gígbẹ mẹ́rin, tòmátì mẹ́ta, atalẹ̀ méjì. Ìgò kọfí, ìgò jáàmù àti ìgò máyònéèsì ni gbogbo wọn, èyí tí mo fi bí ọdún méjì ṣa jọ lọ́wọ́ ẹbí àti ará àdúgbò. Mo to àwọn tó wà nílé sórí tábìlì, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ òórùn wọn. Kí n tó ṣe tán, mo ti rí ìgò orúnlá méjì mìíràn tó bu. Tòmátì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bu. Kòkòrò ń rìn nínú ìgò ata kan. Atalẹ̀ kan sì ń rùn bí aáyù. Mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá nìyẹn.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyálé ilé ló ń kó ìgò pamọ́ bíi tèmi, tí wọ́n sì gbà pé bí a bá ti fọ ìgò mọ́, tí a dé e pinpin, iṣẹ́ parí.

Ohun tó jẹ́ kí n lè tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ń ta ata gígbẹ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà mo ní sikéèlì kékeré nílé, mo sì ní ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí. Gbogbo ìgò ni mo máa ń lẹ bébà mọ́, màá kọ ọjọ́ tí mo dì í sára rẹ̀. Nígbà tí mo to ìgò orúnlá yẹn, tí mo wo ọjọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà là gbangba: méjèèjì tó kù tó dáa, oṣù kìn-ín-ní ni mo dì wọ́n. Mẹ́ta tó bu, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ, ọjọ́ kan náà ni mo dì wọ́n, ní ìparí oṣù kẹrin.

Ti oṣù kìn-ín-ní yẹn, àbúrò ọkọ mi tó ń dáko àkùrọ̀ ló kó ilá rẹ̀ wá. Ọyẹ́ mú gan-an lásìkò náà ní Ìbàdàn. Aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀, kí n tó gbálẹ̀ tán ó ti gbẹ. Mo rẹ́ ilá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí nẹ́tì tí mo fi pákó gbé kúrò nílẹ̀, mo ta nẹ́tì mìíràn bò ó nítorí eṣinṣin. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti gbẹ. Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí: ilá rírẹ́ kílò 4, orúnlá gíráàmù 450. Ó kún ìgò kọfí ńlá méjì.

Ti oṣù kẹrin, Bódìjà ni mo ti ra ilá, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dínwó. Kílò 4 náà ni mo rẹ́, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ kò sì mú tó bó ṣe yẹ, gígé rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oòrùn á ràn di ọ̀sán, ìkúukùu á bò ó. Mo ń gbé atẹ wọlé, mo ń gbé e jáde. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ ń padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, mo sì fẹ́ kó mú díẹ̀ dání. Ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ófùn gáàsì, mo tan iná rẹ̀ kó pọ̀ dáadáa. Kò tó wákàtí kan tó fi gan, tó ń dún lọ́wọ́. Mo kó o sínú ìgò pẹ̀lú bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́, torí èèrà kì í jẹ́ kí n fi nǹkan sílẹ̀ mọ́jú, mo sì dé e. Ìwé mi ní gíráàmù 515. Ó kún ìgò méjì, ó tún ṣẹ́kù tó fi di ìgò kẹta.

Inú mi dùn gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé "ó pọ̀ ju ti oṣù kìn-ín-ní lọ." Mo pè é lérè.

Nígbà tí mo wá jókòó ti ìwé yẹn ní oṣù kẹfà, àyà mi já. Níbo ni èrè ti wá? Nínú ilá tútù, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ni omi. Ohun tó jẹ́ ilá gan-an nínú kílò 4 kò ju nǹkan bíi gíráàmù 400 lọ, yálà ọyẹ́ ń fẹ́ tàbí òjò ń rọ̀. Bí orúnlá bá wọ̀n ní 450, omi bíi gíráàmù 50 ló kù nínú rẹ̀. Bó bá wọ̀n ní 515, omi tó kù ti ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ìgò kẹta tí mo ń yọ̀ lé lórí, omi ló sọ ọ́ di ìgò kẹta.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi, n kò gbọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ń lọ, bó ṣe ń di ẹrù, mo rí i tí inú ìgò náà ṣú lápá òkè, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Mo ṣí i. Omi wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ìdérí, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó tò yíká bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo fi etí ìró mi nù ún, mo dé e padà, mo gbé ọ̀kan fún ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn méjì tó kù kò làágùn mọ́. Mo gbà pé omi náà ti tán.

Kò tán rárá. Orúnlá tí a kó sínú ìgò nígbà tó ṣì gbóná, ooru rẹ̀ ló ń lé omi jáde sínú afẹ́fẹ́ tó kù nínú ìgò. Nígbà tí ìgò bá tutù lóru, omi yẹn á kóra jọ sára dígí àti sábẹ́ ìdérí. Tó bá di pé gbogbo rẹ̀ tutù dọ́gba, orúnlá á tún fa omi náà padà sára, ojú kò ní rí i mọ́. Ó ti sá padà sínú oúnjẹ, ìdérí sì ti tì í mọ́bẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo fi ìró nù yẹn ni mo rí mú kúrò.

N kò dá gbogbo èyí mọ̀ fúnra mi. Mo di ẹyọ orúnlá mélòó kan láti inú ọ̀kan nínú ìgò tó bu yẹn sínú ọ̀rá, èyí tó wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí nǹkan lára rẹ̀, mo gbé e lọ bá màmá mi ní Ìsẹ́yìn. Láti kékeré wa, agbọ̀n kan wà tó ń rọ̀ lókè àáró Màmá. Orúnlá wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Agbọ̀n yẹn dúdú bí èédú. N kò rántí ọjọ́ kan tí ohun inú rẹ̀ bu.

Wọ́n gba orúnlá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ká a po. Ó ká.

"Ṣé o rí i? Kò ṣẹ́. Orúnlá tó gbẹ, ńṣe ló máa ń ṣẹ́ kẹ́. Èyí gbẹ lójú ni, inú ẹ̀ tutù. Kí lo fi yan án?"

Mo ní ófùn ni mo fi parí ẹ̀.

"Iná ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti dì kí omi tó jáde."

Mo béèrè ohun tó ti ń ká mi lára bọ̀: kí ló dé tí tiwọn kì í fi í bu, nígbà tó jẹ́ pé agbọ̀n wọn kò ní ìdérí, tí òjò Ìsẹ́yìn sì ń rọ̀ bíi ti Ìbàdàn?

"Iná ń bá a ṣe lójoojúmọ́ ni, ọmọ mi. Bí mo bá dáná àárọ̀, ó gbẹ. Bí ó bá rin lọ́sàn-án, mo tún dáná alẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀ fún mi. Agbọ̀n tó wà lókè àáró kò ní kí orúnlá gbẹ tán lọ́jọ́ tí a kó o síbẹ̀. Èéfín àti ooru á máa bá a parí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin tó bá wọlé á rí ọ̀nà jáde. Ìgò kò ní ọ̀nà àbájáde kankan. Omi kò lè gba ara dígí kọjá, kì í wọlé, kì í sì í jáde. Tí orúnlá bá gbẹ dénú lọ́jọ́ tí a dì í, ìgò á pa á mọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, nínú òjò Ìbàdàn tó jẹ́ pé iyọ̀ inú àwo ń di omi. Tó bá sì tutù díẹ̀, ìgò á pa ìyẹn náà mọ́. Àwọn ìyá wa ń gbé nǹkan tí kò tíì gbẹ tán sínú agbọ̀n, ó ń bọ́ sí i. Èmi mú àṣà agbọ̀n, mo lọ fi ṣe ti ìgò.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá kò ti bára mu. Wọ́n ní kí n tún un sá, kí n gbọn ohun funfun yẹn dànù, kí n fi káún sè é dáadáa. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa pẹ̀lú gbodo tó bu: a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sá, a ó lọ̀ ọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé n kò ní ṣe é, mo sì ṣàlàyé. Lára ohun tó ń mú oúnjẹ gbígbẹ bu ni ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus, tó máa ń pèsè májèlé kan, aflatoxin. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bu ló ní in, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbígbọn kò mú un kúrò, torí ó ti wọnú oúnjẹ. Iná ọbẹ̀ kò sì tó láti pa á run. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀pà lílọ̀ tó ti bu. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ nígbà tó ṣì tutù ló ṣe èèyàn 317 léṣe, 125 nínú wọn sì kú. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bá jà. Bí èèyàn kò bá sì kú lójú ẹsẹ̀, jíjẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Iye ilá yẹn ló ń dùn mí," wọ́n ní. Ó dun èmi náà. Mo wa ihò lẹ́yìn ilé, mo da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, mo bò ó. N kò jẹ́ kí adìẹ rí i.

Ti tòmátì kò gùn. Tòmátì tí mo sá kò fìgbà kankan ṣẹ́. Ó rọ̀ bí awọ, mo sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní ilé tí ọ̀rinrin ti pọ̀ tó báyìí, tòmátì tó rọ̀ bí awọ, fírísà ni ilé rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kó wọ ìgò, àfi kó gbẹ débi tí mo lè fi ọwọ́ rún un.

Kòkòrò inú ata, ọ̀nà mìíràn ló gbà wá. Ata ìgò yẹn, ọjà ni mo ti rà á ní gígbẹ, mo kàn tún un sá fún ọjọ́ kan ni. Ẹyin kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ kó tó délé mi. Ó yẹ kí ìgò tó dé pinpin pa wọ́n, torí kòkòrò nílò afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àpò ẹ̀wà onípele mẹ́ta tí wọ́n ń tà lọ́jà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ìdérí ìgò náà padà, ròbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí inú rẹ̀ ká ti jẹ lápá kan. Mo bu omi kún ìgò náà, mo dé e, mo dorí rẹ̀ kodò sórí ìwé ìròyìn mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, ìwé ti tutù. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgò ló ń sun orí ìwé ìròyìn kan lóru kí n tó fún un ní oúnjẹ, a ó wá gbẹ ẹ́ nínú oòrùn, ìgò lọ́tọ̀, ìdérí lọ́tọ̀. Ata tí mo bá sì rà ní gígbẹ, fírísà ló kọ́kọ́ ń lọ. Wákàtí 48 nínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo ń pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀. Nítorí iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ń fi í sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Atalẹ̀ tó ń rùn bí aáyù? Ìdérí ni. Ìgò náà ti gbé aáyù lílọ̀ rí. Dígí kì í gba òórùn sára, ṣùgbọ́n ròbà abẹ́ ìdérí ń gbà á, ọṣẹ kò sì bọ́ ọ. Mo wá ìdérí mìíràn fún un. Ìgò kan tún wà tí aládùúgbò kan fún mi, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣó ni mo kó sínú ìyẹn. Ìgò tí n kò bá mọ ìtàn rẹ̀, n kì í fi oúnjẹ sí i, torí àwọn èèyàn ń bu oògùn kòkòrò àti kẹrosíìnì sínú ìgò kígò.

Lọ́dún yìí, mo tún bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo pọ́n ọ̀bẹ. Mo rẹ́ ilá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́gbọọgba, mo sá a títí tí kò ká mọ́. Ọjọ́ tí oòrùn kò tó, mo lo ófùn, ṣùgbọ́n iná tó kéré jù lọ ni, mo sì fi ṣíbí igi há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má bàa pa dé, kí ọ̀rinrin lè rí ibi jáde. Lẹ́yìn náà mo gbé atẹ kalẹ̀ kí orúnlá tutù dáadáa kó tó rí ìgò. Ilá kílò 4 kò gbọ́dọ̀ fún mi ju gíráàmù 450 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ó padà sóòrùn.

Èyí tó wúlò jù lọ, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń di ìgò mú lò, ni ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́. N kì í kún ìgò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mò ń bu sí i, màá dé e, màá gbé e sójú ibi tí mo ti lè rí i, màá máa mì ín lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Èyí tó gbẹ jù á fa díẹ̀ nínú omi èyí tí kò gbẹ tó, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Bí ẹyọ kan bá lẹ̀ mọ́ èkejì, tàbí tí dígí bá ṣú láàárọ̀, n kò nù ún. Mo ń da gbogbo rẹ̀ padà sórí nẹ́tì ni. Ìgò kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta lóṣù kìn-ín-ní. Mo tún un sá fún ọjọ́ kan àbọ̀, mo wọ̀n ọ́n, gíráàmù 14 ló ti kúrò nínú rẹ̀. Mo dì í padà, kò ṣú mọ́. Ẹ̀yìn ọjọ́ kẹwàá ni mo tó pa wọ́n pọ̀, tí mo kún ìgò, tí mo kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, torí ìmọ́lẹ̀ ń ṣá àwọ̀ ilá àti ata.

Mo tún dín ìgò kù. Ìgò jáàmù kékeré ló wà fún lílò ní ilé ìdáná báyìí, èyí tí a ó jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìgò nígbà òjò ni afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé. N kì í sì í gbọn orúnlá láti inú ìgò sínú ọbẹ̀ tó ń hó mọ́. Ooru ọbẹ̀ ń gòkè wọnú ìgò lójú ẹni. Ṣíbí gbígbẹ ni mo fi ń bù ú, jìnnà sí iná.

Ìgò mẹ́sàn-án ni mo dì. Òjò oṣù kẹfà dé, ti oṣù keje dé, mo ń ṣí wọn, mo ń gbọ́ òórùn wọn. Òórùn ilá ni. Ọmọ mi mú ọ̀kan lọ. Mo gbé ọ̀kan fún Màmá nígbà tí mo lọ sí Ìsẹ́yìn lóṣù kẹjọ. Wọn kò ṣí i. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọ́n mì ín lẹ́ẹ̀mejì, ó dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

"Èyí gbẹ," wọ́n ní, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ike iyọ̀.